Pákó tíìkì àbí oníke: èwo ló yẹ kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́?

Àdùkẹ́_Southampton

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti oṣù kẹjọ, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dunjú wà láàárín wa.

Mo mú màmá mi, ẹni ọdún 71, wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti Southampton níbí lọ sí ìhà Spain, ọjọ́ 14 gbáko. Ọkọ̀ náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́ tí a gúnlẹ̀ sí Cádiz, oòrùn mú ganrínganrín. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, a gòkè lọ síbi adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ mọ àwọn ìyá wa: bí wọ́n bá ti rí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, bàtà á kúrò lẹ́sẹ̀. Màmá bọ́ sálúbàtà, wọn ò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta tí wọ́n fi ké pé, "Yéè! Àdùkẹ́, ilẹ̀ yìí ń jó mi o!" Mo kọ́kọ́ rò pé àsọdùn ni. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, mo sì fà á yọ wàrà. Títí di alẹ́ ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn fi pọ́n.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé pákó ni mo pè é. Ó pọ́n díẹ̀ bí igi, ó gùn ní pákó-pákó, ìlà dúdú wà láàárín wọn. Ìgbà tí mo lóṣòó ni mo rí i pé kò ní ojú igi kankan (ìlà tó máa ń wà lára pákó), èyí àkọ́kọ́ rí bákan náà pẹ̀lú ìkẹwàá, ibi tí ẹsẹ̀ àga ti tẹ̀ ẹ́ sì ti jin wọnú bíi rọ́bà. A sọ̀kalẹ̀ lọ sí dẹ́ẹ̀kì ìsàlẹ̀, ilẹ̀ gbangba tí àwọn èèyàn ti máa ń rìn yí ọkọ̀ ká. Ibẹ̀ ni mo ti rí pákó gidi, ó ti di àwọ̀ eérú. Màmá tún bọ́ bàtà (mo ní kí wọ́n má bọ́ ọ), wọ́n dúró sínú oòrùn kan náà, wọ́n ní, "Èyí gbóná, àmọ́ ó ṣeé dúró lé."

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ike ṣe bí pákó? A fẹ́ tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ ohun tí màá béèrè kí n tó sanwó.

Bósùn_Tilbury

Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ìgbafẹ́, ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan onípákó, èkejì oníke. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí.

Ohun tí màmá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, polyurethane ni, irú ike kan tó rí bíi rọ́bà. Ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn ròkè jù nídìí iṣẹ́ náà ni Bolidt ti ilẹ̀ Netherlands, Future Teak ni wọ́n ń pe tiwọn. Wọn kì í tò ó ní pákó kọ̀ọ̀kan bí ojú ṣe ń rí i. Títú ni wọ́n ń tú u sórí irin ọkọ̀ bí ẹni ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo. Wọ́n á kọ́kọ́ ha irin náà kó mọ́, wọ́n á fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, wọ́n á tẹ́ ẹ kó dọ́gba, wọ́n á wá tú eléyìí lé e. Ìlà dúdú náà, ṣíṣe ni wọ́n ṣe é kó lè jọ pákó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ẹ̀rọ onísánpépà fá ojú rẹ̀ kó má baà máa yọ̀.

Tíìkì ní tirẹ̀, òróró wà nínú igi náà láti inú igbó wá. Òróró yẹn ni kì í jẹ́ kí omi àti ìdin ráyè wọnú rẹ̀. Nǹkan kan tún wà nínú rẹ̀ tó le bí iyanrìn, òun ló máa ń jẹ ẹnu ayùn. Bó bá tutù, ẹsẹ̀ ń dì í mú. Ó tún ń dá ooru àti ariwo dúró fún àwọn tó sùn ní yàrá ìsàlẹ̀.

Wàyí o, kí ló dé tí wọ́n fi ń sá fún un? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Mítà kan níbùú lóòró, tí pákó rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, á wọn nǹkan bí kílò 20. Bí dẹ́ẹ̀kì òkè bá tó mítà bẹ́ẹ̀ 5,000, tọ́ọ̀nù 100 lẹ gbé sórí ọkọ̀ yẹn, níbi tó ga jù lọ, tí ìwúwo ti ń da ọkọ̀ láàmú jù lọ. Oníke kò nípọn tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí àjà ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lórí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá ohun fífúyẹ́ fún òkè.

Ìpẹtà ló tẹ̀ lé e. Láyé àtijọ́, bóòtù onírin ni wọ́n fi ń de pákó mọ́ irin, wọ́n á wá fi èèkàn igi kékeré dí ojú ihò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èèkàn yẹn bá yọ, omi iyọ̀ á rọra wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. A ṣí pákó kan nígbà tí ọkọ̀ wà ní dókì, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Lókè, pákó náà dára, ó ń dán. Mo fi òòlù kékeré kan irin abẹ́ rẹ̀, ó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Lóde òní, gúlù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì sàn jù. Ṣùgbọ́n bí gúlù bá ṣí níbì kan, ìtàn kan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni orúnkún àwa tí à ń fọ̀ ọ́. Kí ẹ̀yin èrò ọkọ̀ tó jí la ti wà nídìí ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ pákó ní ìdábùú. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tẹ̀lé ojú igi, ibi rírọ̀ á máa ṣí lọ, ibi líle á dúró bí egungun ìhà ẹran tó gbẹ. Ọ̀gá kan wà tó ní ká máa lo ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára kí iṣẹ́ lè yá. Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Kò tó ọdún méjì tí rọ́bà dúdú ààárín pákó fi yọrí sókè ju pákó fúnra rẹ̀ lọ, àwọn èrò wá ń kọsẹ̀. Gbogbo dẹ́ẹ̀kì yẹn la tún fi ẹ̀rọ fá, pákó tó bá sì ti fá kò tún lè nípọn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìyá_Ìbejì_Kent

Ẹ ṣeun, Bósùn. Àmọ́ èmi ò gbà. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, kò yẹ kí wọ́n máa fi ike tàn wá. Ọkọ̀ Aureol ni bàbá mi bá lọ sí Liverpool láti Èkó ní 1963, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Títí tí wọ́n fi kú, ọ̀rọ̀ dẹ́ẹ̀kì ni wọ́n máa ń sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ: ibi tí wọ́n dúró sí tí wọn ò rí ilẹ̀ mọ́, bí ó ṣe máa ń rùn lárọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. Mo ti wọ Queen Mary 2 lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ tẹ pákó ibi ìrìn rẹ̀, bàbá mi ni mo rántí. Ike wo ló máa rán èèyàn létí bàbá rẹ̀?

Àjàní_Woolwich

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ìwé ẹrù ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Tíìkì tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ fẹ́ràn jù ni ti inú igbó àdáyébá Myanmar, tí a mọ̀ sí Burma tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹta 2013 ni òfin igi ti Àpapọ̀ Yúróòpù ti fìdí múlẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé pákó wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn pé igi náà kì í ṣe ti olè. Ti Myanmar ṣòroó fi hàn, torí pé láti igbó dé ẹnu odò, igi yẹn ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwé rẹ̀ kì í sì í pé. Nínú oṣù kẹrin 2014, ìjọba Myanmar fúnra wọn ní gẹdú tí a kò tíì là kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 2021, àwọn ológun gbàjọba. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún náà, Amẹ́ríkà fòfin de Myanma Timber Enterprise, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ta igi náà. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni Yúróòpù àti Britain ṣe tiwọn. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ aládàáni fún àwọn olówó (yacht) ní England níbí jẹ̀bi nílé ẹjọ́ torí irú pákó bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n san lápapọ̀ sì lé ní £350,000.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń kan ọkọ̀ tó máa gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn kò ní fẹ́ kí dẹ́ẹ̀kì di ẹjọ́ sí òun lọ́rùn.

Ìyá_Ìbejì_Kent

Àjàní, mo gbọ́. Mi ò fẹ́ igi olè, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé Burma nìkan ni tíìkì ń gbé? Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bí a bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, tíìkì ló ń tò lọ bí ọmọ ogun lẹ́bàá ọ̀nà, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. Kí ló dé tí wọn ò lo tiwa?

Onígẹdú_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ìbéèrè yìí ni mo ti ń dúró dè.

Òótọ́ lẹ sọ, mà. Igbó ọba Olókèméjì lẹ rí yẹn. Ní 1902 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin tíìkì sílẹ̀ wa, láti India ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Benin àti Togo náà ní oko tíìkì rẹpẹtẹ. Igi náà gba ilẹ̀ wa dáadáa, ọdọọdún sì ni wọ́n ń kó o lọ sí India.

Níbo wá ni ìṣòro wà? A kì í jẹ́ kó gbó. Òpó iná ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà, ẹni tó sì fẹ́ òpó iná kì í dúró de igi tó fẹ̀. Igi ọdún 15 tí wọ́n bá gbé wá sí ìsọ̀ mi, tí mo bá gé orí rẹ̀, ara funfun tó yí i ká á nípọn tó àtàǹpàkò mi, ọkàn rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú á wà láàárín. Ọkàn yẹn ni tíìkì. Ara funfun yẹn, ikán ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ igi yòówù. Igi inú igbó Burma tí àwọn baba yín ń tẹ̀ lórí ọkọ̀, ó lè ti lo 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gé e. Ọkàn ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu èèpo.

Ohun kejì ni bí a ṣe ń là á. Pákó dẹ́ẹ̀kì, ojú igi gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á máa ṣí bí ìwé, ẹ̀gún á sì máa gún àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀. Kí ojú tó lè dúró, igi gbọ́dọ̀ tóbi, kó gùn, kó má ní kókó. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè fún mi ní irú pákó bẹ́ẹ̀, bí mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹnì kan á ní ìrókò ńkọ́. Àwọn Òyìnbó tilẹ̀ ń pè é ní tíìkì Áfíríkà, wọ́n sì ń fi kan ọkọ̀. Ó lágbára, omi kì í tètè bà á jẹ́. Àmọ́ òkúta máa ń wà nínú ìrókò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró nídìí ayùn rí mọ̀ ọ́n. Èmi ti rí eyín ayùn tó fò lọ lójú mi. Ekuru rẹ̀ ń dí imú, ó ń yún ara. Ohun tó sì wà lọ́kàn mi jù ni pé àwọn ìrókò ńlá tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan mọ́. Àwọn baba wa ń wárí fún un kí wọ́n tó gbé àáké. Ó dùn mí láti rò ó pé ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí lórí omi la máa fi èyí tó kù ṣe.

Tí wọ́n bá fẹ́ lo tiwa lóòótọ́, kí wọ́n bá wa dá oko tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn fún 50 ọdún. Mo mọ ilẹ̀ tó lè ṣe é.

Tọ́lá_Houston

Ẹ jẹ́ kí èmi gbèjà oníke díẹ̀. Èbúté Galveston ní Texas ni a ti ń wọ ọkọ̀, ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àbíkẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Lórí pákó, ẹ̀gún igi wọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ la fi yọ ọ́. Lórí oníke, kò sí ẹ̀gún. Wọ́n da áísíkíríìmù sílẹ̀, wọ́n da kẹ́ṣọ́ọ̀pù sílẹ̀, omi lásán ló gbé e lọ. Òróró oòrùn tí gbogbo èèyàn ń fi para, ẹ wo àbààwọ́n rẹ̀ lórí pákó, dúdú kirikiri.

Ti ooru, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ló ń ṣe é. Ọkọ̀ tí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú fífẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ mi rìn ún. Èyí tí wọ́n kùn bíi tíìkì tuntun tó pọ́n dòdò, sísá ni wọ́n ń sá lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ike ni wọ́n fẹ́ lò, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó ní àwọ̀ tó máa rọ èèyàn lẹ́sẹ̀? Ibi tí mo ti bá Ìyá Ìbejì fohùn ṣọ̀kan nìyẹn: torí kó lè jọ igi ni wọ́n ṣe ń jó wa lẹ́sẹ̀.

Paná_Leeds

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ iná. Iṣẹ́ panápaná ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2006, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, iná sọ lórí bálíkónì yàrá kan nínú ọkọ̀ Star Princess, nígbà tó ń lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sìgá tí ẹnì kan jù ló fà á. Ẹ wá gbọ́ ohun tó gbé iná yẹn rìn: ike tí wọ́n fi pààlà bálíkónì kan sí èkejì, àga oníke, àti táìlì ilẹ̀ bálíkónì tí wọ́n fi polyurethane ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti gun àjà lé àjà, èéfín dúdú kì. Èrò ọkọ̀ kan kú nínú èéfín náà, wọ́n sì tọ́jú àwọn 13 mìíràn. Inú yàrá ní ẹ̀rọ tó ń tú omi sí iná, bálíkónì ò ní, torí wọ́n kà á sí ìta.

Láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2008 ni òfin ààbò ọkọ̀ ojú omi àgbáyé, SOLAS, ti mú bálíkónì mọ́ ohun tó ń bójú tó, ọkọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti tuntun. Mi ò sọ pé oníke tòní dà bíi táìlì ọjọ́ náà o. Ìdánwò iná wà tí ohun tí wọ́n ń tẹ́ sórí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Igi náà ń jó, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba yàrá oníbálíkónì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má mu sìgá níbẹ̀, ẹ má sì sá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sórí ohunkóhun tó ń gbóná.

Bósùn_Tilbury

Paná, o ṣeun gan-an. Lórí ọkọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́, kíkó ìdí sìgá lórí bálíkónì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìyá Ìbejì, mà, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ràn pákó ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí mo kúrò lórí ọkọ̀ onípákó lọ sí ti oníke, orúnkún mi sinmi, àmọ́ mi ò gbóòórùn òwúrọ̀ tí bàbá yín ń sọ yẹn mọ́. Oníke náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí ojú tí wọ́n fi sánpépà fá yẹn bá ti dán nítorí ẹsẹ̀ èèyàn, tí ọṣẹ wá kàn án, á máa yọ̀. Bí ó bá wú, gígé la ó gé e, tí a ó tún òmíràn tú síbẹ̀. Tuntun yẹn ò ní bá ti àtijọ́ dọ́gba láwọ̀, torí oòrùn ti pa ti àtijọ́ láwọ̀ dà. Ẹ ó máa rí àwọn àbùlẹ̀ onígun mẹ́rin nílẹ̀, ojú mi kì í gbà á.

Ní tèmi o, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rìn, tí wọ́n ti ń dúró wo òkun, kí ó jẹ́ pákó, kí ó sì jẹ́ igi oko tí a mọ ẹni tó gbìn ín. Ní òkè réré lẹ́bàá adágún, níbi tí omi àti òróró oòrùn ò ti kúrò nílẹ̀, mo gbà fún oníke, àmọ́ kí ó fẹ́ẹ́rẹ́ láwọ̀.

Àdùkẹ́, ohun tí ẹ máa béèrè nìyí: "Dẹ́ẹ̀kì wo ló jẹ́ igi gidi? Àwọ̀ wo ni ti adágún?" Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ wá àwòrán ọkọ̀ náà tí àwọn èrò fúnra wọn yà. Ẹ wo ibi tí pákó ti pàdé ojú àgbàrá létí ọkọ̀. Pákó gidi, kò sí méjì tí ojú igi wọn jọra, ó sì sábà máa ń ti di àwọ̀ eérú. Oníke, àwọ̀ rẹ̀ á dọ́gba láti iwájú dé ìdí. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ọkọ̀ náà, ẹ fi ìka kan án kọ̀ọ́kọ̀ọ́: igi á dáhùn, rọ́bà á gbé ohùn mì.

Àdùkẹ́_Southampton

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí màmá lánàá, wọ́n ní kí n kí Bósùn, kí n sì sọ fún ará Ìjẹ̀bú pé kó má jẹ́ kí wọ́n gé ìrókò.

Mo pe àwọn tí à ń bá ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ò mọ̀ ọ́n, ó ní kí n dúró, ó lọ bi ẹlòmíràn, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó padà dé, ó ní ibi ìrìn tó yí ọkọ̀ ká jẹ́ tíìkì, òkè lẹ́bàá adágún jẹ́ oníke aláwọ̀ eérú. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ó sì ti kọ ọ́. A ti gba yàrá tó sún mọ́ ibi ìrìn yẹn, kí àtẹ̀gùn má baà pọ̀ fún màmá. Oṣù karùn-ún la máa lọ, kí oòrùn tó le. Mo ti ra sálúbàtà tuntun fún wọn, wọ́n ní ti òkè nìkan ni àwọn máa wọ̀ ọ́ sí.